Onílé àti Ayálégbé

Nínú gbogbo ire tí àwọn àgbà wa máa ń tọrọ fún ọmọ, ire ilé kò gbẹ́yìn. Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, tàbí bí a bá ń ṣe ìgbéyàwó, a ó gbọ́ lẹ́nu wọn pé kí ẹni náà lówó, kí ó bímọ, kí ó sì kọ́lé. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ilé tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ yàrá méjì péré, a kì í fi ojú kékeré wò ó mọ́ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá ṣí ilé náà, ará àti ọ̀rẹ́ yóò péjọ, wọn yóò sì gbàdúrà pé kí ilé náà tù ú lára. Àdúrà rere ni èyí. Ṣùgbọ́n, ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ o ti ronú rí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ó wà tí ẹni tí ó kọ́ ọ kò sùn nínú rẹ̀ rí? Ẹlòmíràn ni ó ń sùn níbẹ̀, tí ó ń dáná níbẹ̀, tí ó sì ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀, ta ni kí ó tù lára? Ǹjẹ́ onílé lè ṣe é bí ó ti wù ú, kìkì nítorí pé owó rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a mú apá kan ní Ìpínlẹ̀ Èkó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bí o bá wọ ọkọ̀ ní Mile 2, tí o sì gba ọ̀nà tí ó lọ sí Àgbádárìgì, ìwọ yóò wọ ilẹ̀ Ọ̀jọ́, ìwọ yóò kan Ìyànà Ìbà, lẹ́yìn náà ìwọ yóò dé Òkókómáíkò. Àwọn Àwórì ni wọ́n tẹ àwọn ìlú àtijọ́ ibẹ̀ dó. Olójọ́ ni ọba Ọ̀jọ́, Oníbà sì ni ọba Ìbà. Láyé àtijọ́, ẹja pípa àti oko dídá ni iṣẹ́ tí ó wọ́pọ̀ láàrin wọn, nítorí pé omi kò jìnnà sí wọn. Ọmọ ilé tí ó bá fẹ́ kọ́lé nígbà náà, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ ni yóò lọ. Wọn yóò fi ibi tí yóò kọ́ ọ sí hàn án, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì bá a fi ọ̀wẹ̀ mọ ògiri. Àlejò tí ó bá wọ̀ sọ́dọ̀ baálé ilé, ìwà rẹ̀ ni a máa ń wò. A kì í béèrè owó ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí, a sì ń bá a yí. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ jọ ní Ọ̀jọ́. Ní ọdún 1977, a pe àwọn oníṣòwò àgbáyé jọ sínú ọgbà ńlá tí à ń pè ní Trade Fair títí di òní. Ní ọdún 1983, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá Yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ́ ni ó sì fi ṣe ibùjókòó rẹ̀. Ọjà Alábà, níbi tí a ti ń ta rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti oríṣìíríṣìí ẹ̀rọ iná mànàmáná, di ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn kọjá ilẹ̀ wa. Bárékè àwọn ọmọ ogun pẹ̀lú wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ ogun, kò sí èyí tí kò fẹ́ ibi tí yóò fi orí lé lálẹ́ nínú wọn.

Ta ni yóò kọ́ ilé fún gbogbo àwọn wọ̀nyí? Ìjọba gbìyànjú. Ní àkókò Alhaji Látéèfù Jákàńdè, tí ó jẹ́ gómìnà láti ọdún 1979 di 1983, a kọ́ ọ̀pọ̀ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Ìpínlẹ̀ Èkó, ti Ìbà sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a sè fún ẹni mẹ́wàá kò lè yó ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Àwọn tí ó wá gba iṣẹ́ náà ṣe kì í ṣe ọlọ́lá ńláńlá. Àwọn ènìyàn lásán bí èmi àti ìwọ ni. Olùkọ́ ni, tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ilẹ̀ àbọ̀ pọ́ọ̀tì. Ìyá aláta ni, tí ó fi ọdún mẹ́wàá dá àjọ. Mẹkáníìkì ni, tí ó ń ra síméǹtì díẹ̀díẹ̀, tí ó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ọdún yìí, tí ó sì ń kan páànù ní ọdún mẹ́ta sí i. Àwọn mìíràn kọ́ ilé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní féèsì-mí-àì-féèsì-yú. Àwọn mìíràn kọ́ ilé alájà kan tí ó ní fúláàtì mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń gbé ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò ni ó jẹ́ pé abẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ro ti onílé, nítorí pé àwọn ènìyàn a máa yára bú u. Wọn a ní kò ṣe iṣẹ́ kankan ju kí ó jókòó kí ó máa gba owó lọ. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì kọ́lé rí. Kí onílé tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ó ti bá àwọn ọmọ onílẹ̀ fà á. Ọ̀tọ̀ ni owó tí wọn yóò gbà nígbà tí ó bá ra ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọn yóò bèèrè nígbà tí ó bá gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ti ìgbà tí ó bá fẹ́ kan òrùlé. Ìyà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ní ọdún 2016 láti dá àwọn ajagungbalẹ̀ lẹ́kun. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà ó di dandan kí onílé máa lépa ìwé láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn. Awọnlẹ̀ ni yóò wọn ilẹ̀ fún un, ayàwòrán ilé ni yóò ya àwòrán, ìjọba ni yóò sì fi ọwọ́ sí i. Gbogbo èyí, owó ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Kí a sọ pé ẹnì kan ná ₦30,000,000 sórí ilẹ̀ àti ilé, pé ilé náà ní fúláàtì mẹ́rin, àti pé ₦600,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú wọlé lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,400,000. Bí fúláàtì kan bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta, ₦150,000 ti lọ, ó ku ₦2,250,000. Bí aṣojú tí ń bá a gba owó bá mú ìdá kan nínú mẹ́wàá, ₦225,000 ti lọ. Bí ó bá fi ₦325,000 tún páànù tí ń jò ṣe, tí ó fi kó ṣalángá, tí ó sì fi kun ògiri lọ́dà, ₦1,700,000 ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Pín in sí owó tí ó ná, ìwọ yóò rí i pé lẹ́yìn ọdún 17, owó tí ó fi kọ́lé kò tíì padà tán. Nítorí náà, ilé kíkọ́ kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn fi ń di olówó ní òru ọjọ́ kan. Ó dà bí ẹni gbin obì: ẹni tí kò bá ní sùúrù kò ní jẹ níbẹ̀.

Nínú àìnísùúrù yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń wá. Ẹni tí ó fẹ́ kí owó rẹ̀ tètè padà yóò dín síméǹtì kù, yóò fi iyanrìn kún un. Yóò ra irin tẹ́ẹ́rẹ́ dípò èyí tí ó nípọn. Yóò kọ́ ilé sórí àbàtà láìfi ìpìlẹ̀ tí ó yẹ sí i, yóò sì fi àjà kejì lé ìpìlẹ̀ tí a ṣe fún ẹyọ kan. Ilé náà yóò dára lójú. Ọ̀dà yóò bo àléébù rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé ìwé wọn lọ sí iléèwé ní àárọ̀ ọjọ́ náà wà lára àwọn tí ó kú. Ẹ kíyè sí i pé bí ọlọ́jà bá ta ẹ̀wà tí ó ní òkúta fún ọ, eyín rẹ yóò sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ayálégbé kò lè fi ojú rí ohun tí ó wà nínú ògiri. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Ẹni tí a bá fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́ kò lè sọ pé ohun ìní òun ni, òun lè ṣe é bí ó ti wù òun.

Èyí ni ó mú wa dé orí kókó ọ̀rọ̀. Kí ni ohun tí onílé ń tà gan-an? Kì í ṣe ògiri, nítorí pé ògiri kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀. Ohun tí ó ń tà ni ìfọ̀kànbalẹ̀: pé òjò yóò rọ̀ kí ó má pa ènìyàn, pé ilẹ̀ yóò ṣú kí olè má wọlé, pé ọmọ yóò ti iléèwé dé kí ó bá àwọn òbí rẹ̀ níbi tí ó fi wọ́n sí. Nítorí náà, bí onílé bá gba owó tí kò sì tún òrùlé ṣe, ó ta ọjà tí kò fi fún oníbàárà. Bí kànga bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣalángá, tí omi ìdọ̀tí sì ń ṣàn gba ojú fèrèsé, kì í ṣe wolé-wolé nìkan ni yóò dá onílé lẹ́bi. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú yóò dá a lẹ́bi. Bí ó bá sì ń kanlẹ̀kùn ní ìdájí láti kígbe lé bàbá lórí níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, ohun tí ó tà ni ó tún ń jí gbé.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a gba ọ̀nà kan wọ ọjà. Ayálégbé pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣe. Àwọn mìíràn wà tí wọn yóò bá onílé sọ̀rọ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń wá yàrá, tí wọ́n bá sì ti kó ẹrù wọlé tán, wọn a di ọba. Wọn a jẹ owó ọdún kan, wọn a jẹ ti ọdún kejì, bí a bá sì pè wọ́n, wọn a ní kí onílé lọ sí kóòtù, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹjọ́ a máa pẹ́ níbẹ̀. Wọn a fọ́ fèrèsé, wọn a da pàǹtírí sí gọ́tà, wọn a sì kó lọ ní òru. Rò ó wò: kí a ní opó kan ni ó ni ilé náà, tí ọkọ rẹ̀ fi yàrá mẹ́fà sílẹ̀ fún un, tí kò sì ní ohun mìíràn tí ó fi ń jẹun àti tí ó fi ń san owó iléèwé ọmọ. Ẹni tí ó jẹ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní owó ọdún méjì, olè ni, bí kò tilẹ̀ fọ́ ilé ẹnikẹ́ni. A kì í fi òṣì boju ìwà búburú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ayálégbé ti nílò onílé ni onílé nílò ayálégbé, ẹni tí ó bá sì fi ìnílò ẹnì kejì ṣe ìjẹ fún ara rẹ̀ ti ba àjọṣe náà jẹ́.

Nítorí pé ènìyàn kì í fi gbogbo ìgbà ṣe rere fúnra rẹ̀, àwọn ìlú a máa ṣe òfin. Ní ọdún 2011, ní àkókò Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin kan lórí ọ̀rọ̀ ilé yíyá gbé. Òfin náà kò gbà kí onílé bèèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó pàṣẹ pé kí a fún ẹni tí ó san owó ní rìsíìtì. Ó ní bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tí ń san owó lóṣooṣù ni kí a fún ní ìwé kúrò-nílé oṣù kan, ẹni tí ń san án lọ́dọọdún ni kí a fún ní ti oṣù mẹ́fà, kí a sì tún fún un ní ọjọ́ méje kí a tó gbé e lọ sí kóòtù. Ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí onílé fi agbára kó ẹrù ènìyàn síta. Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró sí ẹnu ọ̀nà gbogbo yàrá. Ẹni tí ń wá ilé kíkankíkan, tí a bá ní kí ó mú owó ọdún méjì wá, yóò mú un wá ní kọ̀rọ̀, kò sì ní fi ẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Níbi tí òfin bá dúró sí, ibẹ̀ ni ìwà ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀.

Àwọn ọlọ́gbọ́n kan yóò sọ pé kò sí ìjà láàrin èrè àti ìwà rere, pé onílé tí ó bá ṣe dáadáa ni yóò jèrè jù. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Padà sí ìṣirò wa. Bí onílé bá fi ₦100,000 kún owó fúláàtì kọ̀ọ̀kan lójijì, ó lérò pé òun yóò jèrè ₦400,000. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé méjì bá kó lọ nítorí rẹ̀, tí yàrá wọn sì ṣófo fún oṣù mẹ́fà, ₦2,100,000 ni yóò wọlé ní ọdún náà dípò ₦2,400,000, a kò sì tíì ka owó ọ̀dà àti ti àwọn tí yóò bá a wá ayálégbé tuntun. Ìwọra ti jẹ ẹ́ ní ₦300,000. Ayálégbé tí ó ń san owó déédéé, tí ó ń gbá àgbàlá, tí ó sì ń pe onílé nígbà tí omi bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí jò, ìṣúra ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kìkì nítorí èrè ni a ṣe ń ṣe rere, kí ni a ó ṣe ní ọjọ́ tí rere kò bá mú èrè wá? Kí a ní ayálégbé méjì kó lọ, tí ẹni mẹ́wàá sì ti tò sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ìṣirò kò lè dá onílé dúró mọ́. Òfin pàápàá lè má ká a mọ́, nítorí pé ó fún wọn ní ìwé kúrò-nílé bí ó ti yẹ. Kí ni yóò wá dá a dúró? Níbí ni a ti ń mọ ọmọlúàbí.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti wọ ilẹ̀ Òkókómáíkò. Ní ọdún 2009, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì, kí ojú irin sì gba àárín rẹ̀ dé Òkókómáíkò. Iṣẹ́ náà pẹ́ púpọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará ibẹ̀ fi jẹ eruku ní ọ̀gbẹlẹ̀, tí wọ́n sì rin ẹrẹ̀ ní ìgbà òjò, tí wọ́n ń jí ní òru kí wọ́n tó lè dé ibi iṣẹ́ ní Èkó. Ní ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láàrin Marina àti Mile 2, ìpín kejì rẹ̀ ni a sì là sílẹ̀ láti dé Òkókómáíkò. Ẹni tí ó gbọ́n ti mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e: níbi tí ọ̀nà bá dé, owó ilé a máa gbéra sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó mú kí owó náà gbéra? Kì í ṣe onílé. Kò fi búlọ́ọ̀kù kan kún ilé rẹ̀. Owó gbogbo ìlú ni a fi ṣe ojú irin, owó ayálégbé sì wà nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ó fara da ẹrẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá di ẹni tí a lé jáde ní ọdún tí ọ̀nà dára, kí àlejò lè wá jẹ àǹfààní rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ wọ ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland láti ṣe ọkọ̀ ojú omi àti ohun ìjà. Àwọn onílé rí i pé èrò pọ̀, ilé kò sì tó, wọ́n bá fi kún owó ilé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà lójú ogun. Àwọn obìnrin ni ó wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ní ọdún 1915, àwọn obìnrin náà, tí Mary Barbour jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, kọ̀ jálẹ̀ láti san àfikún náà. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó dá owó ilé àwọn mẹ̀kúnnù padà sí iye tí ó wà nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó mú àwọn obìnrin náà bínú kì í ṣe pé onílé ń jèrè, bí kò ṣe pé ó ń fi ìpọ́njú gbogbo ènìyàn jèrè.

Onílé kan lè bi wá pé, "Ṣé kí n má fi kún owó ilé mi láéláé ni? Síméǹtì ti wọ́n, owó káfíńtà ti gòkè, ọmọ tèmi náà wà ní iléèwé." Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìṣàbòsí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí owó ilé máa gòkè bí owó ọjà ti ń gòkè. Ilé kì í ṣe sàráà, ẹni tí kò bá sì rí èrè kankan níbẹ̀ kò ní tún un ṣe, yóò sì wó lu gbogbo wọn lórí. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ onílé kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí ó sọ ọ̀rọ̀ náà ní kùtùkùtù, kí ayálégbé lè ní àkókò láti wá owó tàbí láti wá ibòmíràn. Èkejì, kí ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ẹrù tí a bá pín sí ọ̀nà mẹ́ta kì í ṣẹ́ni lọ́rùn. Ẹ̀kẹta, kí ó fi ti ẹni tí ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣíwájú ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ó má sì lé ènìyàn síta nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́ tàbí nígbà tí àìsàn bá wà nínú ilé. Bí ayálégbé bá sì kọ̀ láti san owó tí ó tọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, kí onílé gba kóòtù lọ pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Àánú tí kò ní òpin a máa sọ ọ̀lẹ di púpọ̀.

Bí a bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi gún ara wa wò kí a mọ bí yóò ti dùn ún tó. Òwe yìí ni òṣùwọ̀n tí ó rọrùn jù lọ fún onílé àti ayálégbé. Kí onílé bi ara rẹ̀ pé: bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń gbé yàrá yìí, tí ọmọ mi ń sùn lábẹ́ páànù yìí, kí ni èmi yóò fẹ́? Kí ayálégbé náà bi ara rẹ̀ pé: bí ó bá jẹ́ òógùn ọgbọ̀n ọdún mi ni mo fi kọ́ ilé yìí, báwo ni èmi yóò ti fẹ́ kí a lò ó?

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìkan ni èyí. Bí o bá yege ìdánwò rẹ, tí o sì lọ sí Yunifásítì ní Ọ̀jọ́ tàbí níbòmíràn, ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà wá yàrá lọ sí Ìyànà Ìbà tàbí Òkókómáíkò, kí o di ayálégbé kí o tó pé ọmọ ogún ọdún. Bí Ọlọ́run bá sì fún ọ ní ẹ̀mí gígùn àti iṣẹ́ tí ó dára, ìwọ náà lè di onílé lọ́jọ́ kan. Ìwà tí ìwọ yóò hù nígbà náà, òní ni o ti ń kọ́ ọ. Bí o bá yá ìwé ẹgbẹ́ rẹ, ṣé o máa ń dá a padà bí o ti gbà á? Bí ẹnì kan bá yá ìwé tìrẹ, ṣé o kì í fi ṣe ìdí láti máa pàṣẹ fún un? Bẹ́ǹṣì tí o jókòó lé ní iléèwé kì í ṣe tìrẹ. Ẹlòmíràn ti lò ó ṣáájú rẹ, ẹlòmíràn yóò sì lò ó lẹ́yìn rẹ. Ẹni tí ó fi ọ̀bẹ kọ orúkọ sí i lára ti ń kọ́ bí a ti ń ba ilé onílé jẹ́.

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa rèé. Onílé ni ó ni ògiri àti òrùlé, kò sí ẹni tí ó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun tí à ń sùn lábẹ́ òrùlé náà, ti ayálégbé ni; owó rẹ̀ ni ó fi rà á, ẹ̀tọ́ sì ni pé kí a má jí i mọ́ ọn lójú. Ilé tí ó tu onílé lára, tí ó sì ń ni ayálégbé lára, àdúrà tí a gbà ní ọjọ́ ìṣílé rẹ̀ kò tíì gbà.